Ojú Tó Ń Pọ́n Nílé Sàká

Orí àga ni Sàká kú sí nírọ̀lẹ́. Kò wúkọ́, ara rẹ̀ ò gbóná. Ojú rẹ̀ nìkan ló ti ń pọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, tó ń ṣomi ṣáá. Ìgbà tí Kòrónà ti gbogbo Lọ́ńdọ̀nù mọ́lé ni, èèyàn díẹ̀ péré ni wọ́n gbà láyè níbi ìsìnkú rẹ̀. Kò pẹ́, ojú Hameedah, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀, náà pọ́n.

"Ṣé o ò fura ni?" Adépéjú aládùúgbò bi Àìṣát, ìyàwó olóògbé, láti òdìkejì ọgbà ẹ̀yìnkùlé. "Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ti kó dé láti Catford ni. Obìnrin yẹn kì í gbójú kúrò lára èèyàn. I'm telling you, àjẹ́ wà ní Peckham wa yìí náà."

Kannakánná kan bà sórí òrùlé, ó ké. Àìṣát yára wọlé lọ wo ọmọ rẹ̀.

Rùkáyàt ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí. Opó ni, kò bímọ. Lóòótọ́ ló máa ń tẹjú mọ́ èèyàn: etí rẹ̀ ti di, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò kó tó gbọ́.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọmọ mi mọ́," Àìṣát sọ fún un ní kíṣìnì.

"Kí lo wí, ìyàwó mi?"

"Ẹ tún ń wò mí! Ẹ ti jẹ bàbá ẹ̀, kò tó yín?"

"Èmi? Sàká tí mo pọ̀n dàgbà?"

"Àjẹ́ ni yín! Ẹ gbójú kúrò lára mi!"

Rùkáyàt rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kedere.

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ló ń wò. Bí Hameedah bá pè é, kì í gbọ́, torí kò wo ẹnu rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí Rùkáyàt. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà á. Ó ti gbọ́ rí pé àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ àjẹ́ tí wọn ò mọ̀. Lórí ẹní ìkírun, ó sunkún: "Ọlọ́run, tó bá jẹ́ èmi ni, tí mi ò mọ̀, gba ojú yìí lọ́wọ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan wúwo ṣubú. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá Àìṣát, ó dúró. Bí òun bá wò ó, tó kú ńkọ́? Ni Hameedah bá jáde, ó fà á láṣọ, ó ń ké. Rùkáyàt gbójú sókè.

Ilẹ̀ ni Àìṣát wà, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ó ń jà fún èémí. "Pe ambulance!" Rùkáyàt gbé orí rẹ̀ lé itan, kò gbójú kúrò lójú rẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Nígbà tí ara Àìṣát fúyẹ́ ní ọsibítù, ó bi nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá pé kí ló ń mú ojú pọ́n nílé àwọn.

"Kòrónà náà ni, Mummy. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú àwọn mìíràn á pọ́n kí wọ́n tó wúkọ́ rárá. Ta ló kọ́kọ́ ṣe nílé yín?"

Ìgbà yẹn ni Àìṣát tó rántí. Òun ni. Ibi iṣẹ́ shift rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti dé tí ojú ń yún un. Ó pè é ní hay fever, ojú yíyún tí ìyẹ̀fun òdòdó máa ń fà, òun àti Sàká sì jọ ń fi táwẹ́lì kan nujú.

Ọjọ́ tó délé, Rùkáyàt ń di ẹrù. Àìṣát kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lórúnkún kó lè wo òun. "Aunty, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni mo gbé àìsàn wọlé."

Rùkáyàt wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ náà kọ́. Ta ló ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé àìsàn wọlé? Dìde, ara ẹ ò tíì le." Ó ti ẹnu báàgì rẹ̀ pa. "Àmọ́ o jẹ́ kí n gbà á gbọ́, Àìṣát. Mo jókòó sínú yàrá yìí, mo ń wá ohun tí àbúrò mi fi ṣẹ̀ mí tí mo fi pa á. Ìyẹn ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbàgbé."