Oúnjẹ Ẹni Tí Kò Sí Nílé

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó jẹ abọ́ ìrẹsì mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan rí, tó sì dìde nídìí oúnjẹ tó rù ju bó ṣe jókòó lọ? Èmi rí i. Inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, èmi kì í sì í ṣe obìnrin tó ń rí òjìji kó máa pè é ní iwin. Ilé ìwé tí mo lọ kò ju ọdún mẹ́rin lọ. Ẹja ni mo mọ̀, ìrẹsì ni mo mọ̀, mo sì mọ bí a ti í fọ aṣọ ibùsùn ènìyàn mẹ́wàá kó tó di ọ̀sán.

Ilé àlejò wa wà létí òkun, lápá àríwá ilẹ̀ Japan, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ sínú omi. Èmi àti Sayoko, ìyàwó ọmọ mi, la jọ ń bójú tó o. Lóṣù kẹwàá, Tíṣà Kuramochi kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ wá láti orílẹ̀-èdè Látífíà, pé wọ́n fẹ́ mọ àṣà ilẹ̀ Japan. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, gíga ni wọ́n ga jù. Orí wọn ń gbá àtẹ́rígbà ṣáá. Mo ní kí wọ́n máa tẹrí ba tí wọ́n bá ń wọlé. Ọ̀kan nínú wọn rò pé àṣà ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ti tíréè kan. Shigeto ọmọ mi, ọkọ Sayoko, bá ọkọ̀ apẹja lọ lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn. Kò padà. A ò rí ọkọ̀, a ò rí òkú. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni ilé bá wà lájò, a máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ kalẹ̀ sí àyè rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ebi má baà pa á níbi tó wà. Bí a bá jẹun tán, a ó ṣí ìdérí abọ́ ìrẹsì rẹ̀. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ìdérí, ara rẹ̀ le. Bó bá gbẹ, ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Èmi ni mo máa ń ṣí i. Lálaalẹ́ ni mo ń yí ìdérí náà sí Sayoko, tí ìrì wà nínú rẹ̀, tí òun náà á sì mí kanlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ ọkọ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tó ni ilé yìnyín wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyẹn tí Shigeto kò fi ní orúkọ tí tẹ́ńpìlì ń fún òkú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ilze pẹ́ níbi ìwẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀yìn gbọọrọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bo tíréè tirẹ̀. Èyí tó wà lójú fèrèsé, ti Shigeto, ló rí, kò sì sẹ́ni nídìí ẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́. Tíṣà sì ti kọ́ wọn láàárọ̀ pé ẹni tó ṣẹ́ hóró ìrẹsì kan kù ti tàbùkù àgbẹ̀, nítorí náà ó jẹ ẹ́ tán yányán.

Mo gbé tíì wọlé, ẹsẹ̀ mi dúró gbagidi.

“Ta ló ní kó jókòó síbẹ̀?”

Sayoko di apá mi mú. “Màmá, ẹ rọra. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Kò mọ̀.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sétí Tíṣà. “Ẹ bá mi bi í, ṣé ìrì wà nínú ìdérí?”

Tíṣà bi í ní èdè wọn. Ilze mi orí. Ó ní rárá, ó gbẹ. Ó tiẹ̀ ya òun lẹ́nu, torí ìrẹsì yẹn gbóná débi tó jó òun láhọ́n.

“Àlejò ni, kí ló mọ̀ nípa ìdérí?” Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kíá.

Sayoko yíjú sójú fèrèsé. Òkun ló ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ilze bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì. Abọ́ kan, abọ́ méjì, abọ́ mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, Tíṣà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

“Ìyá Àgbà, ẹ sáré gbé ìkòkò pamọ́ o, kí èyí tó jẹ ìkòkò mọ́ ọn!”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni mo wí. “Ẹni tó jẹun dáadáa kì í ṣe wàhálà fún alásè.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó fi igi ìjẹun mú gbòǹgbò ewébẹ̀ tí a rẹ sínú iyọ̀, tí a gé sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó rì í sábẹ́ ìrẹsì, ó sì fọwọ́ igi lu orí ìrẹsì náà pẹ́pẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni Shigeto ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ohun tó dùn lè kẹ́yìn. Mi ò rí ẹlòmíì tó ń ṣe é.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ara rẹ̀ tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí yìnyín. Sayoko gbé aṣọ ibùsùn rẹ̀ jáde, ó tutù rinrin.

“Ṣé ó tọ̀ sílé ni?” ni mo bi í.

Mo fìka kàn án, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Omi òkun ni, ó ń rùn bí epo ọkọ̀.

Dókítà wá láti ìlú, ó fa omi sí i lára. Ó ní òun ò rí àrùn kankan, kò sì wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Tíṣà pe àwọn òbí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n máa lò kí wọ́n tó dé. Gbogbo wa wo ọmọ náà, a mọ̀ pé kò ní ọjọ́ mẹ́rin lára.

Nínú ilé ìdáná ni Sayoko àti Tíṣà ti kojú ara wọn, ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní hóró ìrẹsì. Ẹ ò kọ́ wọn pé kí àlejò béèrè àyè rẹ̀ kó tó jókòó?”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, àǹtí? Ẹ gbé oúnjẹ òkú sáàárín oúnjẹ alààyè, ẹ ò wí fún ẹnikẹ́ni!”

“Ta lẹ pè ní òkú?”

“Ó tó,” ni mo wí. “Ọmọ ń sùn.”

Kò sùn. Ohùn kan gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn oníbébà jáde, èdè etíkun wa gan-an, irú èyí tí àwọn apẹja àtijọ́ ń sọ, tí ilé ìwé ò fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ilze kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ ní èdè wa.

“Màmá. Òtútù ń mú mi. Mo ti jẹ, mo ti jẹ, kò kún.”

Ife bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Sayoko fi orúnkún wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé e, kò lè ṣí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Àlùfáà Eshun ti tẹ́ńpìlì dé, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tòun ti bàtà rọ́bà. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó gbóòórùn irun rẹ̀. Ó ní kí n gbé oúnjẹ Shigeto wá, kó gbóná. Mo sè é, mo dé e. A dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Èéfín ń rú lórí ìrẹsì, inú ìdérí sì gbẹ bí eegun.

“Láti ìgbà wo ló ti gbẹ?”

“Kò gbẹ rí,” Sayoko dáhùn. “Àfi lọ́jọ́ tí Ilze ṣí i. Màmá máa ń fi hàn mí.”

Àlùfáà gbé ìdérí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ọkùnrin yìí ti kú, ó ti pẹ́. Oúnjẹ alààyè kì í yó òkú. Àdúrà àti orúkọ ló ń yó o, ẹ ò sì fún un. Ẹnìkan nínú ilé yìí mọ̀ pé ó ti kú, ó ń tàn án pé ó ṣì wà láàyè. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ó wá rí ẹnu ọmọ yìí. Kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi kí ẹni tó dè é dárúkọ ara rẹ̀ sí i létí, kí oòrùn òní tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yìí á bá a lọ.”

Sayoko wo Tíṣà. Tíṣà wo Sayoko. Lórí ẹní, ìka Ilze ń lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku èmi àti ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà òtútù ọdún kẹta tí Shigeto lọ, mo ṣí ìdérí kí n tó pe Sayoko. Ó gbẹ. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń se ìrẹsì: bí ìrẹsì bá gbóná tí ìdérí sì tutù, ìrì gbọ́dọ̀ sẹ̀, ì báà jẹ́ oúnjẹ ajá. Ó gbẹ, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi ò sí mọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Sayoko nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Bó bá mọ̀, á lọ, á ku èmi nìkan pẹ̀lú òkun. Mo gbé ìdérí sẹ́nu, mo mí hàà sínú rẹ̀. Mo yí i sí i. “Wò ó,” ni mo wí, “ara ọkọ rẹ le.” Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ṣe é lálaalẹ́. Èémí ẹnu mi ni Sayoko, ọmọ ọlọ́mọ, ń dúpẹ́ lé lórí.

“Màmá?” Sayoko ń wò mí. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti wà lẹ́nu mi.

Oòrùn ti kan omi. Ètè Ilze ti dúdú. Mo wọ́ ara mi dé ìdí ẹní rẹ̀, orúnkún mi ń ró. Etí rẹ̀ tutù, ó rin.

“Ta ni?” ni ohùn náà bi mí.

Mi ò wẹ̀yìn wo Sayoko.

“Èmi ni, Shigeto. Èmi Kinuyo, ìyá tó bí ọ.”