Ìbéèrè Táwọn Alàgbà Bi Mí

Pásítọ̀ àtàwọn alàgbà mẹ́ta jókòó níwájú mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Rúlà làwọn èèyàn ń pè é, torí kò sóhun tí kì í wọ̀n; àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wọn imú rẹ̀ ná.

Wọ́n fẹ́ fi í jẹ alàgbà, àmọ́ ó ti pé ọdún márùn-ún tí òun àti ìyá mi ti kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ní ẹni tí ilé rẹ̀ tú kò lè ṣe olórí nílé Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹni tí aya já jù sílẹ̀ ṣẹ̀? Bàbá mi ti sọ fún wọn pé ìyá mi ló kó ẹrù rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n pe ìyá mi lórí fóònù, kò sọ ju pé kí wọ́n bi ọmọ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbúrò bàbá mi obìnrin fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, kí n ṣáà gbà pé òótọ́ ni bàbá mi sọ, ó parí.

"Ọmọ mi," pásítọ̀ wí, "ṣé ìyá rẹ ló fi ilé sílẹ̀?"

Mo rántí ọjọ́ tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo wà nínú ilé, mò ń gbọ́ bó ṣe ń kanlẹ̀kùn. Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ ṣí i. N ò ṣí i.

"Rárá, sà," mo fèsì. "Dádì ló tìlẹ̀kùn mọ́ màmá mi síta. Ojú mi ló ṣe."

Bàbá mi dìde, ó jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní mo ti fẹnu ara mi ba bàbá mi jẹ́. Ìwé tí mò ń kà fún ìdánwò ò wọ orí mi mọ́. Mo tiẹ̀ rò ó láti padà lọ sọ pé irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. A bá a níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Mo lé ọ jáde, mo tún ní ìwọ lo lọ," bàbá mi wí. "Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

Ìyá mi gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ò ní padà. Èmi náà tọrọ àforíjì. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní ọmọdé ni mí nígbà yẹn.

Bàbá mi lọ jẹ́wọ́ fáwọn alàgbà. Pásítọ̀ ní ìkọ̀sílẹ̀ kọ́ ló dí i lọ́nà, irọ́ tó pa nípa rẹ̀ ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dárúkọ rẹ̀. Ìyá mi kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Àwọn kan ṣì ta kò ó, àmọ́ ó jẹ alàgbà.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó ṣubú lè dìde, kó tún sin Ọlọ́run, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni yóò gbé e dìde. Ọmọ tó sì fẹ́ràn òbí rẹ̀ dénú kì í bá a gbé irọ́.