Ẹni Tó Dá Irin Ọwọ́ Padà

"Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín jáde!"

Báyìí ni Bàbá Kọ́ńdọ́ ṣe máa ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sán. Bàbá àgbà á dá a lóhùn láti orí àga pé, "Èmi tí mò ń wa ọkọ̀, ta ló ń gba owó lọ́wọ́ mi?" Àwọn méjèèjì á wá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ́kọ́ dá àpárá náà. Ọ̀rẹ́ wọn ti pẹ́. Nígbà tí tráàmù, ọkọ̀ oníná tó ń tọ ojú irin láàárín títì, ṣì ń gbé èrò kiri ìlú, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bàbá àgbà ń wà á níwájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba owó lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ yìí, ọmọ ọmọ Bàbá àgbà, tí wọ́n ń pè ní Aláròyé nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, jókòó tì wọ́n, ó ń da ìbéèrè bò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ ṣe ìdíje lórí bí ọkọ̀ èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú. Ẹni tó bá gbégbá orókè kò ní san owó ilé ẹ̀kọ́ mọ́ títí tí yóò fi jáde. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, ti sọ pé òun ò mọ ibi tí owó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá.

"Ẹṣin ló kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ èrò," Bàbá Kọ́ńdọ́ ló ń ṣàlàyé. "Tráàmù wá lé ẹṣin lọ, bọ́ọ̀sì náà wá lé tráàmù. Àmọ́ kí wọ́n tó lé tráàmù, àwa kọ́ńdọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lé. Ilé iṣẹ́ ní kí awakọ̀ máa fúnra rẹ̀ gba owó. Àwọn awakọ̀ bá yarí nítorí wa! Irin ọwọ́ kan wà tí wọ́n fi ń wa tráàmù, ó ṣeé yọ. Kálukú yọ tiẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Tráàmù ò lè mira. À bá borí, àmọ́ ẹnì kan yọ́ lọ dá tiẹ̀ padà lóru. Nígbà tí àwọn yòókù rí ọkọ̀ kan lójú títì, tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ń wà á, ọkàn wọn domi, wọ́n dá tiwọn padà. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mi ò mọ onítọ̀hún títí dòní. Ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ!"

Bàbá àgbà ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tán, ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Èmi ni," ló wí. "Ilé iṣẹ́ ló ni yàrá tí à ń gbé nígbà náà. Wọ́n ní àwọn á lé wa síta, oyún ìyá rẹ sì ti wọ oṣù ìbí nínú ìyá àgbà rẹ. Mo ń wá ọ̀nà tí màá fi ẹnu ara mi sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ó ti kú sí mi níkùn."

Nílé ẹ̀kọ́, Aláròyé ka ohun tó kọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó. Ìyẹn yínmú sí i. "Ẹṣin, tráàmù, bọ́ọ̀sì! Gbogbo kíláàsì ló kọ ọ́. Èyí lo fẹ́ fi gba ẹ̀bùn?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó ro ti owó ilé ẹ̀kọ́, ó bá kọ àṣírí Bàbá àgbà kún un. Ó ní òun ò kúkú ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àti pé àwọn arúgbó kì í wá síbi irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ń tan ara rẹ̀ ni, nítorí ìyìn ń wù ú ju owó lọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó gun orí pèpéle, ta ló rí níwájú pátápátá? Bàbá Kọ́ńdọ́ ló fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ó ń na ọrùn wò bí ẹni tó bí ọmọ náà. Aláròyé ṣì lè fo ibẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ ìtàn ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́, gbogbo gbọ̀ngàn tẹ́tí, Aláròyé sì kà á jáde: awakọ̀ kan dá irin ọwọ́ rẹ̀ padà, kí wọ́n má bàa lé ìyàwó rẹ̀ tó lóyún síta.

Ìyàwó awakọ̀ kan ṣoṣo ló lóyún lásìkò náà. Bàbá Kọ́ńdọ́ fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe agbẹ̀bí fún un. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni?"

Bàbá àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, bí àtẹ́wọ́ ti ń dún gbogbo gbọ̀ngàn. Aláròyé ló gba ẹ̀bùn.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn wọn lọ́sàn-án mọ́. Bàbá àgbà kò jágbe mọ́ Aláròyé. Ó kàn ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún," ó sì kọjú sí ògiri. Ì bá sàn kó na òun, lójú Aláròyé.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kọ́ńdọ́.

"Ìdí tó fi ṣe é yé mi," ni bàbá náà wí. "Tó bá jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ fún mi ni, ǹ bá bú u, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì dárí jì í. Àmọ́ láàárín èrò, lẹ́nu ọmọ kékeré, ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ó ń wá ọ̀nà láti sọ fún yín, Bàbá. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó sọ ọ́?"

Aláròyé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi kàn dìde, ó forí lé ilé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n bá fi sí wa lọ́wọ́, ohun olóhun ni. Ẹni tó bá tú u lè gba ìyìn, ó lè gba ẹ̀bùn pàápàá, àmọ́ ó ti gba ẹ̀bẹ̀ mọ́ ẹni tó ni ín lẹ́nu. Wọn ò béèrè owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìyá Aláròyé mọ́. Bàbá àgbà ṣì ń jókòó sórí àga rẹ̀, àmọ́ bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ní kó sọ ìtàn fún òun, ó máa ń ní òun ti gbàgbé.