Òjé Inú Bátìrì

Ìwọ tí o ń ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọkọ̀ gbé bátìrì díríìlì wá sí èbúté yín, tó ní ìdajì owó ni òun ń gbà, má tíì fèsì. Gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá sọ fún ọ, má ṣe sọ fún un pé kó dákẹ́. Mi ò sọ pé gbogbo bátìrì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe díríìlì ló burú o. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó lo ọdún kan gbáko tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ohun ìríra ni. Mo sì ń rọra sọ ọ́, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láàyè, ó sì ní ará.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, oòrùn ti kan àtàrí, nígbà tí èéfín kọ́kọ́ yọ nílé Moríkẹ́ ní Ugbonla. Opó ni Moríkẹ́, Ìyá Rejoice ni wọ́n ń pè é, ẹja ló ń yan tà. Òkun ti gba ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un. Èyí ni ilé kejì, orí òpó igi ló wà lórí omi, pákó tuntun ni wọ́n fi ń kàn án, ó ku òrùlé. Godspower ni kápẹ́ńtà tó ń kàn án. Iná mànàmáná kò dé ibẹ̀. Díríìlì oníbátìrì ni wọ́n fi ń lu ihò sí pákó, sólà ni wọ́n sì fi ń fún bátìrì lágbára. Godspower gbé ọ̀kan sórí òkìtì pákó kó máa gba iná, ó lọ mu gààrí.

Bátìrì náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣììì, bí epo gbígbóná. Ó wú. Òórùn kan jáde lára rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sun irun ewúrẹ́ pẹ̀lú ẹyin tó ti bàjẹ́. Kí Godspower tó sáré dé ibẹ̀, ó ti bẹ́. Wọ́n da omi lù ú, ó tún bẹ́. Kò pé wákàtí kan tí ilé fi di òpó dúdú mẹ́rìnlá tó dúró sínú omi. Kò sí ẹni tó kú. Ọwọ́ ọ̀tún Godspower ló bó bí èèpo iṣu sísè.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í. Ta ló ní kó ra irú bátìrì yìí? Godspower fi ọwọ́ òsì tọ́ka. Sàláúdéènì ló tọ́ka sí.

Kápẹ́ńtà ọkọ̀ ni Sàláúdéènì, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, kì í pariwo, kì í bá ènìyàn jà. Bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ló tẹ̀dó sí Ugbonla. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí pákó. Sàláúdéènì ló mú ọkùnrin tó ń ta bátìrì mọ àwọn kápẹ́ńtà yòókù. Ọlábọ̀dé ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀, ó ní ọmọ Etikan ni òun. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ló ń wà káàkiri, kúlà funfun kan máa ń wà nínú rẹ̀, bátìrì ló kún inú kúlà náà. Ó lẹ́nu dídùn. Ó máa ń sọ fún wọn pé orúkọ ni wọ́n ń rà nínú ti olówó ńlá, inú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní. Ó fún Sàláúdéènì ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, kó fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ti ọ̀fẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, kò dá a lágara rí. Sàláúdéènì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kápẹ́ńtà méje ló rà.

Ohun kan wà tí kò sọ. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé bátìrì Godspower lé ọwọ́ kan, ó gbé tirẹ̀ lé ọwọ́ kejì. Wọ́n wúwo bákan náà. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ti Godspower ń tẹ̀ sí apá kan, bí ọkọ̀ tí gbogbo ẹrù rẹ̀ kó sí ìdí. Sàláúdéènì gbé e sílẹ̀. Ó lọ mú òòlù rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iná náà, wọ́n pè é sí iwájú Baálẹ̀.

"Sàláú, ṣé ìwọ àti Ọlábọ̀dé lẹ jọ ń pín owó bátìrì yìí?"

"Rárá, Bàbá."

"Níbo ló ń gbé?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ò mọ ilé rẹ̀, o wá mú un wọ ilé wa." Baálẹ̀ wo àwọn ènìyàn tó dúró, ó tún wo Sàláúdéènì. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí o kò bá rí i mú wá, kó irinṣẹ́ rẹ, kí o wá omi mìíràn gbé."

Sàláúdéènì kò sùn. Bí òun bá lọ, ta ni yóò máa ro ojú oórì bàbá òun? Ta ni yóò tiẹ̀ gba kápẹ́ńtà tí wọ́n lé ní Ugbonla nítorí iná?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rú, ó gba bátìrì kejì tí Godspower rà, ó fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi ilé tó jóná. Moríkẹ́ wà nínú ọkọ̀ kékeré lábẹ́ àwọn òpó dúdú, ó ń ṣa ìṣó. Sàláúdéènì kí i. Ó ń ṣa ìṣó rẹ̀ lọ.

"Ìyá Rejoice, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà rí inú rẹ̀. Mi ò fẹ́ dá nìkan tú u."

Ó fi ṣónṣó ọ̀bẹ tú u. Ọmọ bátìrì mẹ́wàá ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Márùn-ún ló bá, méjì nínú wọn ti dípẹtà. Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n dà sí ibi tó kù, àbẹ́là dúdú onídọ̀tí, irun wà nínú rẹ̀, ìyẹ́ aáyán wà nínú rẹ̀. Inú àbẹ́là náà ni òjé wà, wóro wóro, irú èyí tí a ń so mọ́ ìdí àwọ̀n kó lè rì.

Moríkẹ́ na ọwọ́. "Fún mi."

Ó fi omi fọ ọ̀kan. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Eyín Kọ́lájọ nìyí."

Kọ́lájọ ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Àwọn apẹja yòókù, òòlù ni wọ́n fi ń pa ẹnu òjé dé mọ́ okùn. Kọ́lájọ ní tirẹ̀, eyín ló fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó lu òòlù mọ́ ọn, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti yọ. Ihò méjì, àlàfo láàárín. Gbogbo òjé tó wà lára àwọ̀n rẹ̀ ló ní àmì yẹn. Moríkẹ́ fi àwọ̀n náà kọ́ abẹ́ ilé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló bá a tí gbogbo òjé ti bọ́ lára rẹ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ó rò pé àwọn ọmọdé ló ṣe é.

Ara Sàláúdéènì bù máṣọ. Eyín òkú, nínú ohun tí òun ń gbé lọ́wọ́, tí òun ń fi yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó na ọrùn kọjá etí ọkọ̀ rẹ̀, ó tutọ́ sómi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó bi Moríkẹ́ bóyá àlejò kan sùn sábẹ́ ilé rẹ̀ nígbà náà. Ní etí omi wa, bí afẹ́fẹ́ bá le, tí àlejò so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé rẹ, o kò gbọdọ̀ lé e. Oúnjẹ lo máa sọ̀ kalẹ̀ fún un.

"Mo fún un ní púpurú," Moríkẹ́ sọ. "Púpurú àti ọbẹ̀ ẹja. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bá mi fọ abọ́."

Ọlábọ̀dé ni.

Ibẹ̀ ni Sàláúdéènì ti rí ọ̀nà. Ibi tí òjé bá ti bọ́ lára àwọ̀n, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ènìyàn tó mọ̀ lórí fóònù, kò bèèrè bátìrì, òjé ló ń bèèrè. Wọ́n sọ fún un pé òjé ilé kan sọnù ní Etikan lálẹ́ àná. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Godspower dé ibẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Àbẹ́là tó kán sára òpó ilé kò tíì le. Godspower fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ wọlé. Wọn kò mọ ibi tó gbà. Ẹnu méje ni omi ní níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Àmínátù, ẹ̀gbọ́n Sàláúdéènì obìnrin tó wà ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, pè é padà. Ó ní òun gbọ́ pé ó ń wá ẹnìkan. Àlejò kan so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé òun láti ìrọ̀lẹ́ nítorí afẹ́fẹ́, ó níwà, ó tilẹ̀ bá òun gbé omi. Ó ní kúlà funfun.

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún un, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa fún un lóúnjẹ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Jímọ̀, Sàláúdéènì wọ ọkọ̀ pẹ̀lú Godspower àti sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan. Moríkẹ́ náà wọlé, ó jókòó sí iwájú. Sájẹ́ǹtì ní kó sọ̀ kalẹ̀. Moríkẹ́ kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Wọ́n rí ọkọ̀ náà lókèèrè lábẹ́ ilé Àmínátù. Ọlábọ̀dé ń bu omi bọjú. Ó gbé ojú sókè, ó rí Moríkẹ́, ó rí ọwọ́ Godspower tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó gé okùn, ó fa ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára ju tiwọn lọ. Ó kọrí sí ẹnu òkun, ó ń kéré sí i lójú wọn, omi tó ń tú sẹ́yìn ń fọ́n sí wọn lójú. Bí ó bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn, ó parí. Sàláúdéènì ti ń ro irinṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ dì.

Ẹ́ńjìnì iwájú wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú.

Ọkọ Àmínátù wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń ráhùn láti ìdájí pé òun ju àwọ̀n, àwọ̀n kọ̀ kò rì. Ọlábọ̀dé ti bọ́ òjé àárín rẹ̀ lóru, ó fi ti etí méjèèjì sílẹ̀ kí onílé má baà fura. Ọkọ Àmínátù gbé e nínú òkùnkùn, ó jù ú sómi bẹ́ẹ̀. Etí méjèèjì rì, àárín léfòó sójú omi bí ewéko, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì Ọlábọ̀dé sì wọ inú rẹ̀ lọ tààrà, ó wé e mọ́ra títí ó fi há.

Ọlábọ̀dé ju kúlà sómi. Kúlà léfòó. Ó di àpò òjé mú kó jù ú, àpò náà wúwo, ọkọ̀ tẹ̀ sí apá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ó fi àpò sílẹ̀, ó di etí ọkọ̀ mú. Bí sájẹ́ǹtì ṣe bá a nìyẹn, ó di ọkọ̀ mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé e dé iwájú Baálẹ̀.

"Òjé ta ni?" sájẹ́ǹtì bi í.

"Mo rà á."

Moríkẹ́ gbé òjé kan sílẹ̀ lórí ẹní, níwájú rẹ̀. "Eyín ọkọ mi nìyí. Ta ló tà á fún ọ?"

Ọlábọ̀dé wò ó, ó sì gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láìsí ìtìjú, bí ẹni ń ṣàlàyé bí a ṣe ń yan ẹja. Òkú bátìrì ni òun ń ṣà níbi ààtàn àwọn tó ń tún nǹkan ṣe. Òun á fọ ara rẹ̀, òun á lẹ bébà tuntun mọ́ ọn.

"Òjé ńkọ́?"

"Bó bá fúyẹ́, wọn kì í rà á. Ìwúwo ni kápẹ́ńtà fi ń mọ bátìrì."

"Àbẹ́là?"

"Kó má baà máa mì. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá pa á, á yọ́. Òjé á sún lọ kan irin, á gbaná."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì ń tà á."

"N kò ta ọ̀kan fún ẹbí mi rí."

Obìnrin kan dìde, ó bọ́ sí ìta, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń bì. Baálẹ̀ fi aṣọ nu ẹnu, bí ẹni tó jẹ ohun tó ti kan.

"Sàláú ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Ọlábọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Ojúlówó ni mo fún un. Ojo ni. Bí mo bá fún un ní gbàrọgùdù, ojú rẹ̀ á tú mi fó."

Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti tán lára Sàláúdéènì, kó máa gbé níbi tí bàbá rẹ̀ sùn sí. Wọ́n de Ọlábọ̀dé, wọ́n gbé e lọ sí Igbókòdá. Àwọn kápẹ́ńtà méje kó bátìrì wọn sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní ayùn àti òòlù làwọn máa fi tún ilé Moríkẹ́ kàn. Moríkẹ́ tú àpò òjé, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní ihò méjì, á sọ ọ́ sínú ìró rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Lọ́jọ́ Àìkú, pákó àkọ́kọ́ ti wà lórí òpó. Sàláúdéènì gbé bátìrì tirẹ̀ wá, èyí tó dára, ó ní kí wọ́n fún Godspower nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá san. Moríkẹ́ gbà á. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn gbàrọgùdù tó wà nílẹ̀, ó gbé e lé ìkejì. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀.

Ó wo Sàláúdéènì.

"Sàláú. Ìwọ tí o fi ọwọ́ mọ pákó tó tọ́ àti èyí tó wọ́. O gbé méjèèjì báyìí rí?"

Sàláúdéènì wo omi. Ó wo Godspower, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá òpó, tó ń fi ọwọ́ òsì mu gààrí. Ó mú òòlù. Ó kó ìṣó mẹ́ta sẹ́nu. Ó tún yọ wọ́n.

"Mo ti dáhùn èyí tí Baálẹ̀ bi mí, Ìyá Rejoice."

"Èmi ni mo ń bi ọ́ báyìí."

"Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́," ó ní. Ó dá ìṣó padà sẹ́nu, ó yíjú sí pákó.