Ẹ̀rọ Kẹta Tó Ń Jẹ́ Emi

Ẹ̀rọ méjì péré ló wà lórí tábìlì Màmá Tíṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà kà.

Wáyà tún un kà. Wáyà kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọrùn rẹ̀ kì í ṣófo: bí wáyà fóònù kò bá rọ̀ mọ́ ọn, a jẹ́ pé ó ń sùn ni. Ọdún kẹtàlá rèé tí obìnrin yìí ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ti yọ odindi ìdílé èèrà kúrò nínú fóònù rí, kò sì pariwo. Àmọ́ eléyìí ṣe é ní kàyéfì. Lójú kọ̀ǹpútà, níbi tó ń to orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó jọ ń pín kàlẹ́ńdà àti nọ́ńbà sí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ṣáájú, fóònù Màmá ló tẹ̀ lé e, ìkẹta sì ń jẹ́ "Emi".

"Màmá, ẹ̀rọ wo lẹ tún so mọ́ ọn?"

"Èwo ni mo ní, yàtọ̀ sí méjì yìí?" Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni Màmá Tíṣà fi fèsì, nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rin, ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. "Rọra máa sọ̀rọ̀, jàre. Bí ọmọ yẹn bá jí, ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n."

Ohun tó gbé Wáyà dé ilé náà kò jọ ohun tó le rárá nígbà tí wọ́n pè é. Bàbá Káfíńtà, ọkọ Màmá, ló máa ń tẹ gbogbo ètò ilé sínú kọ̀ǹpútà. Bí Màmá bá ti so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ètò náà á bọ́ sínú fóònù. Oṣù keje rèé tí Bàbá ti kú. Láti ọjọ́ mẹ́wàá wá, gbogbo ìgbà tí Màmá bá so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà á yọjú nínú kàlẹ́ńdà fóònù. Bó bá pa á rẹ́, á tún padà wá.

Wáyà ti pààrọ̀ okùn tó ń so wọ́n pọ̀. Ó ti yẹ aago inú ẹ̀rọ méjèèjì wò, bóyá ọ̀kan ń sáré ju èkejì lọ. Ó ti já àjọṣe àárín wọn, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Níkẹyìn, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ́, ó ní kí ó gba ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún dé, lẹ́tà ńláńlá, láìní àmì kankan lórí:

MA JE KI OMO SUN NI YARA EYIN.

Ọjọ́ òní ló wà lára rẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán.

"Ta ni Emi?" Wáyà béèrè. Ó pè é ní ẹ̀mí, èyí tó ń gbé inú ènìyàn.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Bàbá ló tẹ nọ́ńbà ara wọn bẹ́ẹ̀ sínú fóònù mi. Mo ní, 'Bàbá wọn, bí ẹ bá wá pè mí, ṣé èmi ni yóò máa pe èmi?' Wọ́n ní ṣebí àwọn làwọn ń tẹ̀ ẹ́, kí ni káwọn pe ara àwọn?" Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Wọn ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn, mi ò rí ti inú ilé mi kọ́."

"Ọ̀rọ̀ yìí ò wá bà yín lẹ́rù, Màmá?"

"Ó dùn mọ́ mi ni. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ayé wọn. Wọ́n ní kí n máa jẹ́ kí ọmọ sùn níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kà á náà ni mo gbé ibùsùn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé mo ti gbọ́, mo sì ti ṣe é. Kí ló tún wá ń dá a padà?"

Wáyà fa fóònù náà mọ́ra. Ó ń gbọ́ òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní títì. Ohun tó máa ń ṣe bí ọgbọ́n bá tán ló ṣe: ó ṣí àwọn ètò àtijọ́ tí Bàbá tẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá yóò rí ibi tí èyí ti yàtọ̀ sí wọn. Maa lo oogun re. Ma gbagbe kokoro. Maa mu omi daadaa. Ma ba telo ja mo.

Èyí tó kẹ́yìn fẹ́ẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Ó tún un kà.

"Màmá, kí ló dé tí Bàbá fi ń kọ a méjì níbòmíràn, tó wá jẹ́ ẹyọ kan níbòmíràn?"

"Ìjà wa nìyẹn!" Màmá tún rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kọ̀wé sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan pé, Ma lo ile anti. Ṣé má lọ ni àbí máa lọ? Mo jókòó sílé. Àǹtí bá wa bínú fún oṣù méjì gbáko. Mo ní, 'Bàbá wọn, bí ẹ ò bá ní fi àmì sí i, ó kéré tán, bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, ẹ kọ a méjì. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n ṣe é, ẹ kọ…'"

Àwọn méjèèjì wo ojú fóònù. A kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjì.

Màmá Tíṣà, tí orúnkún kì í jẹ́ kó tètè dìde lórí àga, ti wọ yàrá ẹ̀yìn kí Wáyà tó bọ́ okùn lọ́rùn. Fáànù àjà tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́ ń yí jẹ́jẹ́ lórí ọmọ, ó ń dún kín-ìn, kín-ìn. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń kán sórí aṣọ ìbora bí ìyẹ̀fun. Màmá já ọmọ gbà. Wọn kò tíì jáde tán nígbà tí pákó àjà ya. Fáànù, ìkọ́ àti pákó jọ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fọ́ ibùsùn kékeré náà sí méjì.

Ọmọ kò tilẹ̀ jí.

Wọ́n padà sí pálọ̀. Omijé ń dà lójú Màmá, kò nù ún. "Odindi ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ń ṣe. Wọn ò sì dákẹ́."

Wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò yọjú mọ́. Ohun tó wà nínú fóònù ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ṣì kà.

"Màmá, ṣé kí n yọ ìkẹta yìí kúrò?"

"Fi í sílẹ̀."

"Ṣé kí n wá bá yín fi àmì sórí orúkọ náà? Èmi ni kí n kọ ni, àbí ẹ̀mí?"

Màmá Tíṣà, tí kì í rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì kó máà mú gègé ìkọ̀wé, wo orúkọ náà títí. Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì.

"Má fi àmì kankan sí i," ló wí. "Méjèèjì ni wọ́n."