Ọkùnrin Tó Dé Ilẹ̀ Tí Kò Nígi

Níbi tí mo ti ń di koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bolé, lọ́dàn ọ̀nà Kuta, ni mo ti kọ́kọ́ rí Olútáyọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú ìdí koríko wò.

"Kí lẹ sọ nù?" ni mo bi í.

"N ò sọ nǹkan kan nù. Mo dé ilẹ̀ kan tí igi ò sí, tí koríko ò ga ju kókósẹ̀ lọ. Wo tiwa bó ṣe ga jù mí lọ. Ọdọọdún niná ń jó o, òjò kan péré, ó ti tún yọ."

Kò sọ pé mo rẹwà o. Koríko ló ń yìn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yìn ín yẹn, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára kí n tó gbẹ́rù mi rù.

Nígbà ogun Jámánì, ó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kan láti Èkó, ọkọ̀ náà ló gbé e dé ọ̀hún. Gbogbo àdúgbò wa n'Íwòó ló ń pè é lópùrọ́ Èkó.

Ọdẹ ni bàbá mi, Ògúnkúnlé. Nígbà tí Olútáyọ̀ fẹ́ wá tọrọ mi, wọ́n ní, "N ò ní í fọmọ mi fún onírọ́." Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìyá mi, Àṣàbí, ló bẹ̀ wọ́n. "Ẹ má bínú, baálé mi. Ọmọ tí ò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sóko tó tó ti bàbá òun. Ẹ jẹ́ ó sọ tẹnu rẹ̀."

Olútáyọ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú bàbá mi.

"Dìde. Kí ló dé tígi ò fi hù níbẹ̀?"

"Òtútù ni, bàbá. Lọ́dàn tiwa, iná ni kì í jẹ́ kígi pọ̀. Tiwọn, abẹ́ ilẹ̀ dì, ó le bí òkúta, gbòǹgbò ò ríbi gbà. Ọ̀rẹ́ mi Mùrí kú síbẹ̀. A gbẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, ọkọ́ kọ̀. Òkúta la kó bò ó."

Bàbá mi tún bi í léèrè. "Ẹran ibẹ̀ ńkọ́? Ó ju ẹfọ̀n lọ?"

Mo na etí sí èsì rẹ̀.

"Rárá, bàbá. Ìwo rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi, ṣùgbọ́n ẹfọ̀n wa tóbi jù ú lọ dáadáa. Ohun wúruwùru tó ń hù lára òkúta ló ń jẹ."

"Mélòó lo pa?"

"N ò pa ìkankan. Òkèèrè ni mo ti wò ó."

Iyì rẹ̀ kún ojú mi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń bá ọdẹ jókòó," ni wọ́n wí. "Ẹran òpùrọ́ kì í kéré ju tilé lọ, òpùrọ́ kì í sì í fi í sílẹ̀ láìpa. Àṣàbí, bu omi fún ọmọ yìí."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, bàbá mi jókòó sáàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń ròyìn ilẹ̀ tí kò nígi náà fún wọn: bí oòrùn kì í ṣe í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bí koríko kúkúrú ibẹ̀ ṣe ń sáré yọ òdòdó kí òtútù tó padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ògúnkúnlé, ta ló pa irú irọ́ yìí fún ọ?"

Bàbá mi ò bínú. Wọ́n nawọ́ sí ọkọ mi.

"Ọmọ mi ló rí i," ni wọ́n wí.