Tírélà Tó Dí Ẹnu Géètì Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí Olúsànyà kọ́kọ́ fojú kan Lydia, aṣọ funfun ọmọbìnrin náà ló ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tírélà tó ń wà.

Pápá kan ní Mákún, ní Ṣàgámù ni, lọ́dún 1994. Ọ̀gá Bẹ̀llò, tó ń kọ́ Sànyà níṣẹ́ awakọ̀, gbé àgbá òfìfo méjì kalẹ̀, ó ní kó rìfáàsì tírélà gba àárín wọn. Tó bá jẹ́ iwájú ni, kò sí ìṣòro. Sànyà lè wà á láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn bí ẹni ń jẹ̀kọ. Ẹ̀yìn ni wàhálà. Tírélà ò dà bí mọ́tò kékeré: bí o bá fẹ́ kí ìdí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, òsì ni wàá gé ọwọ́ ọkọ̀ sí. Bí o bá sì gé e jù, orí àti ìdí á ká mọ́ra wọn. Lọ́jọ́ náà, ìdí ọkọ̀ gba ibi tó wù ú, ó wó àgbá méjèèjì, ó lọ já okùn tí wọ́n sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé kan.

Ọmọbìnrin kan sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń hó ọṣẹ.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń gbé aṣọ mi lọ?"

Sànyà bọ́ sílẹ̀. Ó rí i pé ọmọ náà rẹwà, irọ́ sì ti yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ má bínú. Búréèkì ni mò ń dán wò. Èmi ni dírẹ́bà ọkọ̀ yìí."

Lydia wo àgbá tó wà nílẹ̀, ó wo Ọ̀gá Bẹ̀llò tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ó yá, ẹ wá fọ aṣọ."

Sànyà fọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti jọ ń fún omi ara aṣọ náà ni ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Tíṣà ni Lydia, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé ní Mákún. Kò pẹ́ tí Sànyà fi sọ ọ́ di "ayọ̀ mi", òun náà sì ń pè é ní "dírẹ́bà mi". Orúkọ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gún ló ń gún Sànyà láyà. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó la ẹnu láti jẹ́wọ́, ojú sì tì í. Dípò kó sọ òótọ́, ńṣe ló bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n wá pápá míì, kí Lydia má baà tún rí i níbi tó ti ń wó àgbá.

Bàbá Lydia, Alàgbà Oyèṣọlá, jẹ́ èèkàn nínú ìjọ Onísábáàtì kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé awakọ̀ ọmọ Ìrólù ló fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, ojú rẹ̀ le.

"Awakọ̀? Ọmọ tí mo rán níléèwé yìí?"

"Bàbá, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú," ni Lydia sọ.

Alàgbà rò ó síwá, rò ó sẹ́yìn. Ìjọ fẹ́ kan òrùlé tuntun. "Ó dáa. Kó bá wa kó pákó àti páànù wá láti Ṣàgámù lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá ṣe é bí ọkùnrin, a ó jókòó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ètò Sànyà ni pé Ọ̀gá Bẹ̀llò ni yóò bá òun rìfáàsì wọlé. Ṣùgbọ́n wọn ò tètè di ẹrù tán, Bẹ̀llò sì gba mọ́ṣáláṣí lọ kí Jímọ̀. "Dúró dè mí o," ló sọ. Sànyà dúró títí, kò rí i. Ó wo oòrùn tó ń rẹlẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Sábáàtì ti dé nìyẹn, àwọn èèyàn náà ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́. Ó ṣíná ọkọ̀, òun nìkan, ó lọ.

Gbogbo ìjọ ló ń dúró níta nígbà tó yọ sí wọn. Alàgbà nàka sí i fún pásítọ̀: "Ọkọ ọmọ mi nìyẹn." Sànyà gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ki ọkọ̀ sí rìfáàsì.

"Bọ̀! Máa bọ̀!" ni wọ́n ń pariwo. Ẹnìkan ní ọ̀tún, ẹnìkan ní òsì. Sànyà gé ọwọ́, ìdí ọkọ̀ lọ sí òdìkejì, ó gbá òpó géètì, búlọ́ọ̀kù ya lulẹ̀. Ó yára fà á síwájú, táyà iwájú jìn sí gọ́tà. Tírélà dábùú ẹnu géètì, kò wọlé, kò jáde. Oòrùn sì wọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa yọ ọ́," ni ẹnìkan dábàá. "Jésù ṣáà sọ pé bí màlúù bá jìn sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, a lè fà á jáde."

"Ṣé tírélà ń mí ni?" Alàgbà dáhùn. "Ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Wọ́n ní kó wá sùn nílé Alàgbà. Ìtìjú ò jẹ́ kó lọ, inú ọkọ̀ ló sùn.

Ṣé ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá ẹni tí ojú ń tì? Láàárọ̀, gbogbo ìjọ múra ní funfun, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdí tírélà wọlé níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó sanra fa ikùn sínú. Màmá Ọmọ́yẹni, tó dàgbà jù nínú ìjọ, fi ìró kan gírísì, síbẹ̀ ó bojú wòkè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Sànyà ìbá fẹ́ kó bú òun. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, lóòótọ́.

Àwọn akọrin ń fi Lydia ṣe yẹ̀yẹ́: "Dírẹ́bà ẹ ti páàkì o!" Lydia dorí kodò kọjá. Lẹ́yìn ìsìn, ó gbé abọ́ oúnjẹ wá.

"Ayọ̀ mi, irọ́ ni mo pa fún ẹ..."

"Jẹun ná," ló wí, ó sì lọ. Sànyà gbé abọ́ náà sórí ìjókòó, kò ṣí i.

Nígbà tí oòrùn tún wọ̀, Sábáàtì parí, ìjọ jáde síta. Ọ̀gá Bẹ̀llò ti wá a dé ibẹ̀. Alàgbà dúró síwájú tírélà.

"Ọmọkùnrin, kó o tó gbé ọkọ̀ yìí wá, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń rìfáàsì rẹ̀?"

Sànyà dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn. "Rárá, sà. Mo ṣì ń kọ́ ọ ni. Mo tan Lydia, òun ló sì gbé irọ́ mi wá bá yín."

"Kò tàn mí." Lydia ló sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "Bàbá, láti ojú fèrèsé àǹtí ni mo ti ń wò ó kó tó já okùn aṣọ mi. Mo mọ̀ pé kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún yín pé ó mọ̀ ọ́n torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà fún un. Bẹ́ ẹ bá máa lé e, èmi náà jẹ̀bi."

Sànyà ti rò pé ìtìjú òun ti kún, kò mọ̀ pé ó ku èyí: pé ọmọ yìí mọ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ bo òun láṣìírí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Alàgbà fọwọ́ kan òpó tó wó. "Èmi tí mo sì ti ń pè é lọ́kọ ọmọ kiri ńkọ́?" ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e wọlé fún yín," ni Ọ̀gá Bẹ̀llò wí.

"Rárá. Ẹni tó dí wa lọ́nà ni kó ṣí i."

Wọ́n fi pákó gbé táyà kúrò nínú gọ́tà. Lydia mú àtùpà, ó dúró síbi tí Sànyà ti lè rí i nínú dígí.

"Gé ọwọ́ sósì. Ó tó. Na ọwọ́. Máa bọ̀, Sànyà, máa bọ̀."

Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó bọ́ sílẹ̀ wò ó, ó tún gòkè. Ojú ń tì í lójú gbogbo wọn, síbẹ̀ ó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìdí ọkọ̀ wọlé, orí tẹ̀ lé e.

Alàgbà wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Sọ fún àwọn òbí rẹ ní Ìrólù kí wọ́n wá rí mi."

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ ṣé gan-an ni, sà!"

"Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ wá," Alàgbà ní, "ẹlòmíì ni kó wà á."